Àpótí Iná Tí Kì Í Ké

Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kejì

Ẹlẹ́rọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Iṣẹ́ ńkọ́? Òtútù ńkọ́, ṣé kò tíì gé ọ létí? Mo kí ọ, mo kí ọrùn tí o fi ń ru ẹrù iṣẹ́, mo sì kí ẹni tó ń bá ọ gbé yàrá náà tí o kò tíì sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún mi. Èmi wà bí mo ṣe wà. Orúnkún ọ̀tún ló ń bá mi jà, èmi náà sì ń bá a jà. A ò tíì mọ ẹni tó máa gbégbá orókè.

Ọ̀rọ̀ pàtàkì ló mú mi kọ̀wé. Ilé ìtẹ̀wé ti gbé iṣẹ́ fún mi, ìwé ìṣirò fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́, kí n to gbogbo ojú ìwé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. O mọ̀ pé nígbà tí mo ṣì ń fi òjé to lẹ́tà lọ́dọ̀ wọn, bí iná bá lọ, òjé kì í lọ. Ibi tí mo bá fi iṣẹ́ sí ni mo ti ń bá a lọ́jọ́ kejì. Kọ̀ǹpútà ò ní irú ìwà bẹ́ẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, iná lọ lójijì. UPS tí o rà fún mi, àpótí dúdú abẹ́ tábìlì tó yẹ kó gbé kọ̀ǹpútà ró títí n ó fi tọ́jú iṣẹ́ mi, kò gbé e ró tó ìgbà tí èèyàn fi ń sín. Gbogbo ojú ìwé tí mo fi odidi àárọ̀ tò ló bá iná lọ. Mo jókòó, mò ń wo kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà ń wo èmi náà.

Oníbátìrì tó wà ní ìkóríta wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ó kọ ọ́ sára páálí pé bátìrì kékeré méjì tó wà nínú rẹ̀ ti kú. Ó tún kọ ọ́ pé òun lè yọ wọ́n, kí òun so bátìrì ọkọ̀ ńlá méjì rọ́pò wọn láti ìta, pé kọ̀ǹpútà á máa ṣiṣẹ́ títí n ó fi sú u. Mo ní kó fara balẹ̀, mo ní ọmọ tó ń tọ́jú bátìrì ní ìlú àwọn tó mọ̀ ọ́n. Ó rẹ́rìn-ín. Jọ̀ọ́, kọ ọ́ sí mi bí a ó ṣe ṣe é, kí n lè nà án sí i níwájú.

Má fi falẹ̀. Bí n kò bá parí ìwé yìí kí oṣù Karùn-ún tó tán, àwọn ọmọdé tó ń fi ìka méjì tẹ kọ̀ǹpútà ni wọ́n máa gbé e fún. Wọ́n ti ń wò mí bí ẹni pé mo ti pẹ́ jù lórí àga. Iṣẹ́ yìí ló kù tí mo fi ń jí láàárọ̀, mo sì fẹ́ máa jí.

Má pè mí lórí fóònù o. Ojú fóònù náà ti fọ́, n kò lè ka ohunkóhun níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti sú mi. Lẹ́tà ni kí o kọ. Ìkọ̀wé rẹ tiẹ̀ ti ń rí bí ibi tí adìyẹ ti ta ilẹ̀, ó yẹ kí o máa fi dánra wò.

Èmi ni, bàbá rẹ.


Ogúnjọ́, oṣù Kejì

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ kú orúnkún, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àìrójú. Kò sí ẹni kankan nínú yàrá mi, àyàfi bí ẹ bá ka ẹ̀rọ amúlégbóná tó ń kùn bí arúgbó. Ara mi le.

Kí n tó dé orí bátìrì, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú mi. Mo pè yín nígbà tí lẹ́tà yín dé. Mo pè yín lọ́jọ́ kejì. Ó ń dún, ẹ ò gbé e. Bàbá mi, ṣé fóònù ló sú yín ni àbí èmi? Ẹ rántí ọjọ́ tí wọ́n sin Màámi, tí n kò lè wá nítorí pé ìwé ìgbélùú mi kò tíì jáde, tó jẹ́ pé bí mo bá jáde n kò ní rí ọ̀nà wọlé mọ́. Mo pè yín lọ́jọ́ kejì rẹ̀, mo sunkún títí, mo bi yín pé, “Ṣé ẹ ń bínú sí mi ni?” Ẹ ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, ó dáa,” ẹ sì pa fóònù. Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbé “bẹ́ẹ̀ ni” yẹn kiri. Bí ẹ bá fẹ́ nà mí, ẹ nà mí. Kí ẹ dákẹ́ sí mi ni n kò lè fara dà.

Ó dáa. Bátìrì.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé àpótí yẹn kò yẹ fún ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe. Wọ́n ṣe é kó ṣiṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ kó sinmi ni. Bí ẹ bá so bátìrì ńlá mọ́ ọn, á máa ṣiṣẹ́ pẹ́, inú rẹ̀ á sì máa gbóná ju bí wọ́n ṣe dá a lọ. Ẹ̀rọ ìnfátà, èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún bátìrì ńlá, ló yẹ, mo sì ń wá ọ̀nà tí n ó fi fi ọ̀kan ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ yín, ẹ ò ní dúró. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí oníbátìrì ṣe é báyìí: kí bátìrì méjèèjì jẹ́ irú kan náà, kó so wọ́n tẹ̀lé ara wọn bí àwọn kékeré ti wà tẹ́lẹ̀. Kó lo wáyà tó nípọn, kó sì fi fíúsì sí ẹ̀gbẹ́ bátìrì. Ẹ gbé bátìrì náà sí ìdí fèrèsé tó ṣí sílẹ̀, torí pé bí wọ́n bá ń gba iná sára, afẹ́fẹ́ kan ń jáde lára wọn tó lè gbiná. Ẹ dojú fáànù kékeré kọ ara àpótí. Ẹ má fi aṣọ bo nǹkan kan. Bàbá, nǹkan kankan ni mo wí.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù nìyí. Àpótí yẹn ní ẹnu. Bí iná bá lọ, á máa ké díẹ̀díẹ̀: kín, á dákẹ́, kín. Ìyẹn kò burú. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbóná jù tàbí tí bátìrì ń bàjẹ́, á ké láìdákẹ́. Bí ẹ bá ti gbọ́ ìyẹn, ẹ kọ́kọ́ tẹ súwíìṣì rẹ̀ kó kú pátápátá, ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ tó fọwọ́ kan wáyà. Bí ẹ bá fa wáyà yọ nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́, á ta iná pàrà, iná yẹn á sì bá afẹ́fẹ́ bátìrì pàdé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa tẹ́tí sí i. Inú igbe yẹn ni gbogbo ààbò yín wà.

Ọmọ yín, Ẹlẹ́rọ.


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kẹta

Ẹlẹ́rọ mi,

O ṣeun, o ṣeun, ọmọ mi àtàtà. Mo ka lẹ́tà rẹ fún oníbátìrì, mo sì rí i bí ojú rẹ̀ ṣe ń yí. Nígbà tí mo dé ibi fíúsì, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó lọ mú wáyà tó nípọn bí ìka ẹsẹ̀ mi wá. Ó so gbogbo rẹ̀ bí o ti wí.

Iná lọ lánàá, kọ̀ǹpútà ò tiẹ̀ ṣẹ́jú. Mo ń to iṣẹ́ mi lọ, ìta dúdú, ilé àwọn aládùúgbò dúdú, èmi nìkan ni mo mọ́lẹ̀ bí ilé ọba. Ó wù mí kí n jáde lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n rí mi dáadáa. Mo ti to orí mẹ́ta ìwé náà tán.

Ní ti igbe tí o ń sọ, àpótí tèmi kì í ké. Ó dákẹ́ bí àgùntàn. Iná lọ, kò ké. Iná dé, kò ké. Bóyá ẹ̀rọ ilé àwọn oníwà jẹ́jẹ́ ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi.

Ní ti ọ̀rọ̀ tó kù tí o kọ sókè lẹ́tà rẹ, mo kà á. N kò mọ ohun tí n ó sọ sí i lórí ìwé. Má fi ìyẹn dá ara rẹ lágara. Ta ló ní mò ń bínú?

Èmi ni, bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹta

Bàbá mi,

Ẹ kú orí mẹ́ta, ẹ kú ìmọ́lẹ̀. Mo kà á, mo rẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀, ẹni tó jókòó tì mí sì sún sẹ́yìn díẹ̀.

Ẹ bi mí pé ta ló ní ẹ ń bínú. Ẹ̀yin ni. Ẹ̀yin ni ẹ fi ẹnu yín sọ ọ́. Mo tún pè yín nígbà tí mo ka gbólóhùn yẹn. Ó dún títí tó fi dákẹ́ fúnra rẹ̀. Ó dáa, n kò ní bá yín fà á mọ́.

Ohun kan ń kọ mí lóminú. Kò yẹ kí àpótí yẹn dákẹ́ rárá. Bí iná bá lọ, ó yẹ kó ké kékeré. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́, nínú yàrá tí a kó bátìrì jọ sí láti ilẹ̀ dókè, a máa sọ pé ẹ̀rọ tó bá dákẹ́ jù, kí a fura sí i. Ó lè jẹ́ pé oníbátìrì já wáyà igbe rẹ̀ nígbà tó tú u. Ẹ bá mi wò ó. Bọ́tìnì kan wà níwájú rẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀. Bí ó bá ké lẹ́ẹ̀kan, a jẹ́ pé ẹnu rẹ̀ wà níbẹ̀. Bí ẹnu rẹ̀ bá wà níbẹ̀ tí kò sì ké láìdákẹ́ rí, a jẹ́ pé ara kò ni ín. Ẹ lè máa lò ó títí iná á fi dé, mi ò ní dá yín dúró. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tí kò ké, ẹ má lò ó mọ́ títí ìnfátà tí mo ń wá á fi dé. Ẹ̀mí yín ni mò ń sọ.

Ẹ kọ èsì kíákíá.

Ẹlẹ́rọ yín.


Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kẹrin

Ẹlẹ́rọ,

Mo tẹ̀ ẹ́. Ó ké. Ọkàn rẹ balẹ̀ báyìí?

Má bínú pé èsì pẹ́. Iṣẹ́ ti wọ̀ mí lọ́rùn, iná kì í sì í dé mọ́ ju fìrí lọ. Bí o ti ní kí n máa lò ó títí iná á fi dé, bẹ́ẹ̀ ni mò ń ṣe. Mo ti kọjá ìdajì ìwé. Àwọn ará ilé ìtẹ̀wé wá wò ó, wọ́n gbọn orí, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ìyìn sí etí ìwé mi.

Ọ̀tá kan ṣoṣo tí mo ní ni Ìyá Aránṣọ tí a jọ fi ògiri pààlà. O kò mọ̀ ọ́n, ẹ̀yìn tí o lọ ló kó wá. Ìmọ́lẹ̀ mi ń dùn ún. Lójú kejì tí iná bá lọ, á yọ sẹ́nu ọ̀nà mi, á máa la ẹnu, á máa ju ọwọ́, á fi ìka sí etí rẹ̀, á tún nà án sí inú ilé mi. Mo pa ilẹ̀kùn dé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó fi ṣọ́ọ̀kì tó fi ń sàmì sí aṣọ kọ ọ́ gàdàgbà sára ilẹ̀kùn mi pé, “Àpótí yín ń ké láìdákẹ́.” Irọ́ gbuu! Èmi tí mo jókòó tì í ńkọ́? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Òkùnkùn tó fi ń ránṣọ ló ń bínú sí. Mo fi omi nu ilẹ̀kùn mi. Ìkọ̀wé rẹ̀ tiẹ̀ wọ́ bí ẹsẹ̀ àlàkàsà. Wọ́n ní bí etí ò bá gbọ́ yìnkìn, inú kì í bà jẹ́, inú mi ò sì bà jẹ́.

Nǹkan kékeré kan ni mo fẹ́ bi ọ́. Òórùn kan wà nínú yàrá báyìí bíi ti ẹyin tó ti bàjẹ́. Ó ń ta mí lójú. Ṣé bátìrì ló ń rùn ni àbí eku kú sábẹ́ pẹpẹ? Ẹ̀gbẹ́ bátìrì kan sì ti wú síta bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí eyín ń dùn. Eruku ojú títì pọ̀, mo ti fèrèsé yẹn pa, mo sì fi aṣọ tábìlì tí ìyá rẹ fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun bo àpótí. Mo mọ ohun tí o wí. Aṣọ fẹ́ẹ́rẹ́ ni, ihò ló pọ̀ lára rẹ̀.

Èyí tó kù: má tún kọ ọ̀rọ̀ fóònù sí mi mọ́. Ṣé orí fóònù nìkan ni wọ́n ti ń fẹ́ràn ọmọ?

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kejì, oṣù Karùn-ún, láti ọwọ́ àwọn agbélẹ́tà kíákíá

Ẹ̀yin ìyá mi, Ìyá Aránṣọ,

Ẹ ò mọ̀ mí. Èmi ni ọmọ bàbá tí ẹ jọ fi ògiri pààlà, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí. N kò ní nọ́ńbà yín, n kò mọ ẹlòmíràn ládùúgbò yẹn mọ́, nọ́ńbà ilé ìtẹ̀wé tí mo ní kò lọ. Ẹ má bínú pé ẹrù yìí ni mo fi ń kí yín.

Òótọ́ lẹ sọ. Àpótí yẹn ń ké, ó sì ń ké nítorí pé ó fẹ́ jóná. Ẹ dákun, bí lẹ́tà yìí bá ti kàn yín lọ́wọ́, ẹ fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀, ẹ lọ. Ẹ jẹ́ kí bàbá mi jáde kúrò nínú yàrá náà. Ẹ ṣí fèrèsé. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan iná tàbí ṣáná níbẹ̀. Ẹ tẹ súwíìṣì tó wà lẹ́yìn àpótí. Ẹ má fọwọ́ kan wáyà bátìrì, ẹ pe oníbátìrì ìkóríta. Ẹ má kan ilẹ̀kùn kí ẹ sì máa dúró dè é. Mo rò pé bàbá mi kò gbọ́rọ̀ mọ́.

Mo fi lẹ́tà tiwọn sínú èyí. Ẹ bá mi fún wọn.

Ọmọ yín tí ẹ ò tíì rí.


Ọjọ́ kan náà

Bàbá mi,

Ẹ pa á. Ẹ tẹ súwíìṣì, kí ẹ jáde. Ẹ má ka lẹ́tà yìí tán nínú ilé.

Bí ẹ bá ti wà níta, ẹ jókòó, ẹ kà á. Ẹ ní ẹ tẹ bọ́tìnì, ó ké. Ẹ ò gbọ́ ọ, Bàbá. Obìnrin yẹn dúró lẹ́nu ọ̀nà yín, ó ń pariwo, ẹ sì kọ̀wé sí mi pé ó ń la ẹnu, ó ń ju ọwọ́. Ẹ ò kọ ọ̀rọ̀ kan tó ti ẹnu rẹ̀ jáde, àfi èyí tó kọ sára ilẹ̀kùn. Mo ka ibẹ̀ ní àkàtúnkà. Lẹ́yìn náà, mo lọ kó gbogbo lẹ́tà yín jáde. Kò sí ohùn ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Èmi ni mo ní kí ẹ fi etí ṣọ́ ẹ̀mí yín. Èmi náà ni mo ní kí ẹ máa lò ó títí iná á fi dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ pé èmi ni mo pa yín.

Ẹlẹ́rọ.


Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Karùn-ún

Bàbá mi,

Agbélẹ́tà ní àwọn ti fi lẹ́tà jíṣẹ́. Wọ́n fi àmì ọwọ́ ẹni tó gbà á hàn mí, àmì kan tó wọ́ bí ẹsẹ̀ àlàkàsà. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó kọ ohunkóhun.

Mo ń pe fóònù yín, mo mọ̀ pé kò wúlò, mo ṣì ń pè é. Ó kọ́kọ́ ń dún. Láti ọjọ́ tí wọ́n fi lẹ́tà jíṣẹ́, kò dún mọ́. Níbi iṣẹ́, bí àpótí kan bá ké nínú yàrá bátìrì, ńṣe ni mò ń sá jáde, ọ̀gá mi ti ní kí n lọ jókòó sílé. Mo ti tọrọ àyè láti wá lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe ìwé ìgbélùú. Wọ́n ní kí n dúró.

Ẹ kọ ọ̀rọ̀ kan sí mi. Bó jẹ́ èébú ni, ẹ kọ ọ́.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Karùn-ún

Ọmọ mi,

Bàbá rẹ wà láàyè. Mo kọ́kọ́ kọ ìyẹn kí o lè mí. Èmi kì í ṣe akọ̀wé, abẹ́rẹ́ ni mo mọ̀, nítorí náà fara mọ́ ọn bẹ́ẹ̀. Ilé ìwòsàn ni mo ti ń lọ tí mo ti ń bọ̀, ìdí nìyí tí n kò fi tètè dáhùn.

Ọ̀sán gangan ni lẹ́tà rẹ dé, iná ti lọ, àpótí náà sì wà lẹ́nu igbe rẹ̀. Mo dé ẹnu ọ̀nà, bàbá rẹ ti tì í láti inú. Mo wo inú láti ojú fèrèsé. Ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń tẹ kọ̀ǹpútà lọ ní tirẹ̀, èéfín ń yọ kẹ́ẹ́ lábẹ́ aṣọ tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo lu gíláàsì títí ọwọ́ fi dùn mí. Kò wẹ̀yìn. Ni mo bá sáré lọ gbé dígí ńlá tí àwọn oníbàárà mi fi ń wo aṣọ lára wọn. Mo dojú rẹ̀ kọ oòrùn, mo sì da ìmọ́lẹ̀ náà gba fèrèsé sí ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó yí padà bí ẹni tí agbọ́n ta! Ó ti ń múra láti bú mi kó tó rí ibi tí mò ń nawọ́ sí.

Ó ṣílẹ̀kùn. Bí ó bá jáde nígbà náà ni, ọ̀rọ̀ ì bá tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó sáré padà sínú ilé nítorí ìwé ìṣirò rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ òsì fa wáyà bátìrì yọ láìpa nǹkan kan. Bátìrì bú gbàmù. Omi inú rẹ̀ dà sí i lápá láti ọrùn ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Mo da gbogbo omi tó wà nílé mi lé e lórí, omi tí mo fi ń lọ aṣọ, omi tí mo fẹ́ fi wẹ̀. Oníbátìrì dé, ó tú èyí tó kù. Ojú bàbá rẹ méjèèjì yè. Fóònù rẹ̀ tó wà lórí tábìlì jóná pẹ̀lú tábìlì, má fi ìyẹn dá ara rẹ lóró. Dókítà ní apá náà á san, àmọ́ àpá á wà níbẹ̀.

O kọ ọ́ pé o rò pé kò gbọ́rọ̀ mọ́. Ọmọ mi, gbogbo àdúgbò ló mọ̀. Ẹni tó ń ta búrẹ́dì mọ̀, ilé ìtẹ̀wé mọ̀, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ wọn sí etí ìwé fún un. A kàn ń ṣe bí ẹni pé a ò mọ̀ ni, torí ó ń tijú. Ìwọ nìkan ni kò mọ̀. Mo rò pé o mọ̀, tí o kàn fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ti bú ọ púpọ̀ nínú ọkàn mi. Dárí jì mí.

Ìyá Aránṣọ.


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù Karùn-ún

Ẹlẹ́rọ mi,

Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń kọ èyí, òsì ṣì wà nínú báńdéèjì, kò lè di ìwé mú. Ìyá Aránṣọ ló bá mi tẹ ìwé mọ́lẹ̀. Mo ní kó yí ojú sápá kan kó má máa kà á. Ó ń kà á.

Mo bínú sí ọ fún odidi ọjọ́ mélòó kan. O kọ ọ́ sínú ìwé fún ẹni tí n kò fẹ́ràn pé adití ni mí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá sọ fún mi pé kò sí ẹni tí kò mọ̀. Gbogbo ọgbọ́n tí mo dá, gbogbo orí tí mo ń mì, gbogbo ẹ̀rín tí mo ń rín nígbà tí àwọn yòókù bá rín, wọ́n ń wò mí. Ojú tì mí, ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn mí ju apá lọ.

Ilé ìtẹ̀wé ti gba ojú ìwé tó kù, wọ́n gbé e fún ọ̀kan nínú àwọn oníka-méjì. Ọmọ náà gbé e wá síbí, ó ń tò ó, mò ń wò ó, mo sì ń fi pẹ́ńsù fa ilà sí àṣìṣe rẹ̀. Ó pọ̀. Ìnfátà tí o fi ránṣẹ́ dé. Ó wà nínú páálí rẹ̀, n kò tíì lè sún mọ́ ọn.

Mo fẹ́ dáhùn ìbéèrè rẹ báyìí. Kí ìyá rẹ tó kú ni etí mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ọjọ́ tí o pè mí lẹ́yìn ìsìnkú, mo mọ̀ pé ohùn kan wà nínú fóònù, mo mọ̀ pé tìrẹ ni, n kò sì mú ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀. N kò mọ̀ pé ìbéèrè lo béèrè. Mo ní “bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, ó dáa,” torí mo rò pé ò ń sọ fún mi pé kí n mú ọkàn le. Láti ọjọ́ náà, bí fóònù bá tàn lórí tábìlì tí mo mọ̀ pé ìwọ ló ń pè, ẹ̀rù a máa bà mí láti gbé e. Bí mo bá sọ fún ọ, mo mọ̀ pé o máa fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá máa tọ́jú mi, wàá sì pàdánù ìwé ìgbélùú tí o tìtorí rẹ̀ jìyà. Mo ní kí n dákẹ́. N kò mọ̀ pé ìdákẹ́ mi ń sọ nǹkan mìíràn fún ọ.

N kò bínú sí ọ. N kò bínú sí ọ rí, kì í ṣe lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe lọ́jọ́ kan. Ṣé o kà á? Kà á lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ohùn ìyá rẹ ṣì wà nínú orí mi kedere. Tìrẹ ni mò ń wá, àmọ́ tìgbà tí o wà lọ́mọdé nìkan ni mò ń rí. Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí wọ́n bá fún ọ láyè, wá kí n rí ẹnu rẹ bí o bá ń sọ̀rọ̀.

Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, pè mí. Ìyá Aránṣọ á kọ nọ́ńbà rẹ̀ sísàlẹ̀ ibí yìí. Pè é lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, á fọwọ́ kàn mí léjìká, n ó gbé e. Má wulẹ̀ sọ nǹkan kan. Èmi ni n ó máa sọ̀rọ̀, ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti kó o pamọ́ fún ọ. Bí o bá fẹ́ sunkún, máa sun ún. N kò ní gbọ́, n ó kàn máa bá ọ sọ̀rọ̀ lọ ni.

Bàbá rẹ.